Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Orúkọ

Àwọn ewé ìwé náà ti lẹ̀ mọ́ra. Màmá Ògúndèjì fi èékánná là wọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bó èèpo ẹ̀wà, títí wọ́n fi ya kúrò lára wọn, tí ìyẹ́ aáyán gbígbẹ kan sì já bọ́ sórí tábìlì. Ó fẹ́ ẹ dànù. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà etí òsì lọ sísàlẹ̀, títí ó fi kan irínwó ó lé méjìlá. Ìka náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ ti rí i, Màmá?" Àlùfáà Ọdẹ́wálé bèèrè. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ ìsìn àti ìwé ìjọ pamọ́ sí.

Ìkọ̀wé tó wà níwájú Màmá, tirẹ̀ ni: lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, bí ó ti máa ń kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nígbà tó ṣì ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Olúwatóbi Ògúndèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá: Àlàkẹ́, olóògbé. Ìyá ìsàmì: Àníkẹ́ Ògúndèjì.

"Mo ti rí i," ló sọ níkẹyìn.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ṣì jẹ́ olùkọ́ ló ti ń kọ, tó sì ń tọ́jú ìwé ìsàmì, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yìí ní Òkè-Ogbo, ní Ifẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì máa gbọ̀n. Àwọn ènìyàn a máa wá béèrè ẹ̀dà káàdì ìsàmì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, nítorí iṣẹ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ rìnrìn àjò. Kò sí ẹni tó wá rí pé kí wọ́n bá òun yọ orúkọ òun kúrò.

Àlùfáà wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Ó kéré sí Màmá ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n òun ni àlùfáà. Nítorí náà "ẹ" ni àwọn méjèèjì ń fún ara wọn.

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni lẹ́tà náà dé," ó ní. "Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fèsì. Wọ́n ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀, a ò lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ti dàgbà, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ó ti fi í sílẹ̀. Ó ń bọ̀ ní aago mọ́kànlá." Ó na bébà kan sí i. "Ọ̀rọ̀ tó lò nìyí lédè Gẹ̀ẹ́sì, debaptism, òdì-kejì ìsàmì. Yorùbá ni gbogbo ìwé wa, n kò sì mọ ohun tí a ó pè é. Ẹ̀yin lẹ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni."

"Kí lorúkọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Roqeeb Lágúnjú. Òṣìṣẹ́ láàbù ni ní yunifásítì. Ó ní nígbà ìjà ni wọ́n ṣe ìsàmì náà fún òun, nígbà tí òun kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì." Àlùfáà rọra wo ojú ìwé. "Mo rí orúkọ yín níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà." Ó ṣí bíírò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wá ọ̀rọ̀ náà."

Nígbà tí ó ku òun nìkan, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sísàlẹ̀ ara wọn sẹ́yìn ìwé ìkéde ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìrìbọmi. Ìtẹ̀bọmi. Ìsàmì. Ibi kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, ọ̀nà ni kò papọ̀. Ẹni tó sọ pé ìrìbọmi, rírì ló rí: ohun kan wọ inú omi, omi sì bò ó. Àwọn Onítẹ̀bọmi fi ọwọ́ ènìyàn kún un. Lójú tiwọn, o kò ṣàdédé rì, ẹnì kan ló tẹ̀ ọ́ bọ omi. Nínú ìjọ tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi omi díẹ̀ kan ọmọ níwájú orí, wọn kò tilẹ̀ dárúkọ omi. Wọ́n ní wọ́n sàmì sí i, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń sàmì sí ẹran ọ̀sìn kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Kí ni yóò wá jẹ́ òdì-kejì rẹ̀? Ohun tó bá rì, wọ́n lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n yíyọ ti wà nínú ìrìbọmi fúnra rẹ̀; kò sí àlùfáà tó ń tẹ ènìyàn bọ omi kó fi í síbẹ̀. Ó fagi lé ìyẹn. Ó kọ "ìsẹ́ ìsàmì", ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá sẹ́, ohun tó ṣe ló ní òun kò ṣe, ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì ṣe nǹkan kan. Ó kọ "ìpàmìrẹ́". Èyí rọrùn lẹ́nu. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì sínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n àmì wo ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́? Omi náà ti gbẹ lójú ọmọ kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Níta, àwọn obìnrin ìjọ ń gbálẹ̀ fún ìsìn ọ̀la. Ìró ìgbálẹ̀ ń bọ̀ láti abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì, ó ń sún mọ́ ọn, ó tún ń jìnnà. Màmá gbé bíírò sílẹ̀. Ó mọ̀ pé òun fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, òun ń pa làpálàpá.

Mùnírátù Lágúnjú ni òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ìṣirò ni ti Mùnírátù. Modákẹ́kẹ́ ló ń gbé, Mùsùlùmí ni, ọkọ rẹ̀ ti kú. Inú àwo kan ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun ọ̀sán. Àníkẹ́, bí wọ́n ti ń pe Màmá nígbà náà, kì í pè é ní Mùnírátù. Àlàkẹ́, oríkì rẹ̀, ló máa ń pè é, débi pé Roqeeb ọmọ rẹ̀ gbà pé orúkọ ìyá òun nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mùnírátù gbé ọmọ náà wá sí ilé Ògúndèjì ní àárọ̀. Ìyá Mùnírátù ń ṣàìsàn ní Ẹdẹ, ó fẹ́ lọ wò ó, yóò padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìjà ti tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ọ̀nà dí. Fóònù alágbèéká kò tíì wọ ìlú. Ẹni tó wà ní Ẹdẹ wà ní Ẹdẹ, ẹni tó wà nílé sì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà lò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aládùúgbò kan dúró síwájú ilé, ó gbọ́ bí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀, ó sì béèrè pé ọmọ ta ni èyí, ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn Ifẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni, Àníkẹ́ wí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ìgbà náà, tó ti re ọ̀run, wo ọmọ, ó wo Àníkẹ́, kò béèrè nǹkan kan. Ó fi omi kàn án níwájú orí. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ní orúkọ tí wọ́n lè pè lójú pópó láìbẹ̀rù.

Ilé Ògúndèjì kò ní ọmọ. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti ṣègbéyàwó nígbà yẹn. Ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan fún ọmọ náà láti ara pákó, ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀. Lálẹ́, àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ ń sùn.

Nígbà tí ọ̀nà là, Mùnírátù dé. Ó ti gbẹ bí igi oko. Ó kúnlẹ̀ sí àgbàlá, ó di ẹsẹ̀ Àníkẹ́ mú, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fi báàgì kan ránṣẹ́: gbogbo aṣọ tí Àníkẹ́ rà fún ọmọ náà, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, ó sì gbé káàdì ìsàmì lé wọn lórí. Kò sí lẹ́tà. Ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé Mùnírátù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Nítorí ẹ̀sìn ni, bẹ́ẹ̀ ni Àníkẹ́ gbà á. Ó dùn ún. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fi ẹ̀mí ara òun wéwu fún ọmọ ọlọ́mọ, omi ẹ̀kán mẹ́ta ni wọ́n wá ń tìtorí rẹ̀ bá òun yan odì. Ilé Mùnírátù kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lórí ọ̀kadà. Ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá, ẹnì kankan nínú wọn kò gun ọ̀kadà náà.

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀ nígbà tí Àlùfáà mú un wọlé. Ó ga, ó rọra tẹrí bá lábẹ́ àtẹ́rígbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí àlùfáà tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Iwájú orí Mùnírátù ló wà lórí ọkùnrin náà, bí ẹni pé wọ́n gé e lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Màmá ní kó dìde, kó jókòó. Àlùfáà rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ju ti ìwé lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn tó ń gbálẹ̀, ó jáde.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" Màmá béèrè.

Roqeeb gbójú sókè. "A ti sin wọ́n, mà. Oṣù márùn-ún rèé. Mo rò pé ẹ ti gbọ́."

Ìgbálẹ̀ dákẹ́ níta. Màmá na ọwọ́ sí etí tábìlì, ó dì í mú. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Iléyá, ó máa ń rò ó pé bóyá ní ọdún yìí Mùnírátù yóò rán ẹnì kan wá, ó sì ti mọ irú ojú tí òun yóò fi gba onítọ̀hún: kò ní le, kò sì ní rọ̀ jù. Ó ti ń tọ́jú ojú yẹn láti ọjọ́ tó pẹ́.

"N kò gbọ́," ó ní.

"Wọn kò ṣàìsàn pẹ́."

Ó gbé ìwé àjákọ kan jáde láti inú báàgì rẹ̀. Ó ti pọ́n ní ẹ̀gbẹ́. "Mà, n kò wá bá yín jà. Mùsùlùmí ni mí, n kò lè wà nínú ìwé méjì. Torí ìyẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n n kì bá tí mọ nọ́ńbà tí mo wà nínú ìwé yín, bí kì í bá ṣe èyí. Ìyàwó mi bímọ lóṣù méjì sẹ́yìn. A ń tú ẹrù Màámi, a ń wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn bàbá wa sí, ká lè fi sọ ọmọ lórúkọ. Mo rí i."

Ó ṣí i sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ní iwájú rẹ̀, ìṣirò ìpín ló kún inú ìwé náà, ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ti ọdún pípẹ́. Ní ojú ewé yìí, Mùnírátù ti da gbogbo káàdì ìsàmì náà kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, Olúwatóbi, Ògúndèjì, gbogbo rẹ̀. Ó lo rúlà. Sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó fa ilà pupa méjì, bí olùkọ́ ti ń ṣe sábẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì.

Màmá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ilà méjì náà kò sí lábẹ́ Olúwatóbi. Wọn kò sí lábẹ́ ìsàmì.

"Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan," Roqeeb ní, "nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ní kí ló dé tí a kì í kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́jú mi. Wọ́n ní, ‘Ó tọ́jú rẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sin mí.’ N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà."

Olóògbé. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ máa ń là yé àwọn ọmọ kíláàsì ni. A máa sọ fún wọn pé àwọn àgbà kò fẹ́ dárúkọ ikú mọ́ ènìyàn wọn. Wọ́n ní òògbé ló ń tò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní olóògbé. Àwọn ọmọ a sì rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá ń tòògbé lẹ́yìn kíláàsì, wọn a máa pè é ní olóògbé títí ilé-ìwé yóò fi jáde.

"Wọ́n sọ pé ní oṣù mẹ́rin yẹn, oorun kò kun àwọn," Roqeeb ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ̀bá títì ni wọ́n ń jókòó sí ní Ẹdẹ láti ìdájí. Ẹni tó bá ti ọ̀nà Ifẹ̀ bọ̀, wọ́n á bi í bóyá ó rí ọmọ kan tó wọ ṣòkòtò aláwọ̀ ewé." Ó pa ìwé dé. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún béèrè ibi tí ìyá rẹ wà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo gbọ́, mà."

Kò jiyàn. Ó kàn gba ìdáhùn náà bí ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tó mọ̀ pé èdìdì kò tíì sí lára rẹ̀.

Nígbà tí Àlùfáà padà wọlé, Màmá ti ní ọ̀rọ̀ kan. Kò mọ ìgbà gan-an tó dé. Bóyá nígbà tí Roqeeb ń sọ̀rọ̀ ni.

"Ìdápadà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ó dá ìsàmì padà."

Àlùfáà ronú. "Kò le tó, Màmá? Bí ẹni pé ó yá nǹkan."

"Àwa la wọ̀ ọ́ fún un. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ẹni tó dá irú rẹ̀ padà kò sọ pé aṣọ náà burú. Ó ní kì í ṣe tòun."

Àlùfáà yíjú sí Roqeeb. Roqeeb pe ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ kó jáde, ètè rẹ̀ nìkan ló mì.

"Ó dára," ó ní. "Kò bú ẹnikẹ́ni. Omi yẹn gbà mí là, n kò ní sọ pé kò gbà mí là."

Màmá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà irínwó ó lé méjìlá: Ó dá ìsàmì padà fúnra rẹ̀, láìsí ìjà. Ó kọ ọjọ́ sí i. Roqeeb fọwọ́ sí i, Àlùfáà náà fọwọ́ sí i. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àlùfáà tilẹ̀ ti na ọwọ́ láti pa ìwé dé nígbà tí Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó fa ilà kan ṣoṣo gba àárín olóògbé kọjá.

"Màmá, Bíṣọ́ọ̀bù kò ní ká fọwọ́ kan ìyókù."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé èmi ni mo ṣe é."

Lókè ọ̀rọ̀ tó fagi lé, ó kọ ọ́ ní wínníwínní nítorí àyè kò gbà: Mùnírátù Àlàkẹ́ Lágúnjú. Ó wà láàyè ní ọjọ́ tí a kọ èyí. Bí wọ́n ti kọ́ wọn láti máa ṣe é nìyẹn. Bí akọ̀wé bá tún nǹkan kọ, yóò sọ ìdí rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ kọ "àṣìṣe akọ̀wé". Ó kọ "à", ó gbé bíírò sókè. Àlùfáà ń dúró. Roqeeb ń dúró. Ó fi "à" náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

"Níbo lẹ sin ín sí?" ó bi Roqeeb.

"Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni, mà."

"Mú mi lọ síbẹ̀."

Ọkọ̀ Roqeeb ti gbó, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ Màmá kò sì ṣeé tì. Atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́ sí i lójú. Kì í ṣe pé kò dé Modákẹ́kẹ́ rí láti ìgbà náà. Ó ti wá síbi ìsìnkú, ó ti wá kí ẹni tó bímọ. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà sí àdúgbò yìí, a máa ní kí wọ́n gba ibòmíràn. Àwọn ilé tó rántí pé wọ́n jóná ti di ilé alájà méjì. Àwọn ọmọdé tó wà níwájú wọn kò mọ nǹkan kan. Ní ojú ọ̀nà yìí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Màmá rí òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà bó ti rí gan-an, kì í ṣe bí ó ti máa ń rò ó fún ara rẹ̀.

Sàréè náà kò ní ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí i ká, koríko kékeré ti ń yọ ní àárín. Màmá dúró níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ kí Mùnírátù, kò mọ bí wọ́n ti ń kí ẹni tí ènìyàn ti kọ sínú ìwé òkú nígbà tó ṣì wà láàyè. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa koríko kan tu, ó mú un dání.

Ìyàwó Roqeeb jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Fàòsíyà ni orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún àìsùn ìyálọ́mọ. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bu omi tútù wá.

"Ẹ jókòó, mà. Ṣé ẹ̀yin àti Màmá wa jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ni?"

Màmá jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ó wo Roqeeb, ṣùgbọ́n Roqeeb ń wo ilẹ̀. Kò ní bá a dáhùn.

"A jọ ṣiṣẹ́," Màmá ní. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọkọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi nígbà ìjà, mo ṣe ìsàmì fún un, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá rẹ̀ ti kú."

Fàòsíyà kò mọ ibi tí yóò wò.

"Mo sọ fún ọkọ rẹ láàárọ̀ yìí pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, nígbà tí mo ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, àlùfáà ní kí n fi àyè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ní àárọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní Màámi, níwájú gbogbo ìjọ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ̀rù kò bà mí nígbà tí mo ń kọ ọ́. Inú mi ń dùn."

Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí kí ó tó kú. Kò sọ ọ́ nínú àdúrà. Títí di ìgbà tí ọkọ̀ yà sí àdúgbò yìí, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ láti sọ.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn Fàòsíyà jí, ó ké. Fàòsíyà tú ọ̀já, ó gbé e wá síwájú, ó fún un lọ́mú, ó yí ẹ̀yìn díẹ̀ sí Màmá. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní mọ́sálásí tó wà lókè. Roqeeb dìde, ó bu omi àlùwàlá sínú kẹ́tù, ó lọ sí igun ilé, ó ń wẹ ojú, ó ń wẹ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wẹ ẹsẹ̀. Nígbà tó kọjá lọ sí ẹnu géètì, ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó lọ.

Oòrùn ti yí kúrò lórí ògiri, ó ti ń kan Màmá lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ dìde. Fàòsíyà rí i. Ó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ra, ó fi èkejì di etí ẹní mú, ó ní, "Ẹ rọra sún sẹ́yìn, mà," ó sì fa ẹní náà wọ inú òjìji.

Màmá sún sẹ́yìn. Ó ti rò, láìsọ ọ́ fún ara rẹ̀, pé bí òun bá dé ibí tí òun sì jẹ́wọ́, ẹnì kan yóò sọ pé kò burú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ti ń mu ọmú, ó sì wá yé e pé kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́, àti pé kò sẹ́ni tó ní kí òun máa lọ.